Kí ni kí n tẹ́ sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé mi ní Thamesmead, London?

Ìyá Ìbejì SE28

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ìjà láàárín èmi àti Bàbá Ìbejì.

Ṣẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́yìnkùlé wa, ilé onípákó kékeré tá a ń kó ẹrù sí, ti jẹrà. Nígbà tá a rà á, àwọn tó gbé e wá ní ká ṣáà gbé e lé orí koríko, wọ́n ní igi rẹ̀ ti mu oògùn. Ọdún kẹta rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọlé lọ bu gààrì, ni ẹsẹ̀ mi ọ̀tún bá já wọ inú pákó títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tá a ṣí pákó yẹn kúrò, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ó ń rùn, eku sì ti bímọ síbẹ̀. Odindi àpò gààrì Ìjẹ̀bú tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Àgọ́-Ìwòyè ni mo dà nù. Ojú mi ló rí i.

A ti ra ṣẹ́ẹ̀dì tuntun, kò tíì dé. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.4, ìbú rẹ̀ mítà 1.8, ó sì ga tó mítà 2.2. Ohun tó máa wọ inú rẹ̀ nìyí: fírísà onílítà 300 (ẹran, ẹja, ata lílọ̀, ẹ mọ̀ ọ́n), dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù méjì tá a máa ń di ẹrù Èkó sí, kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ, àti odó iyán. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ilé wa so mọ́ ti aládùúgbò, bí mo bá ti gún iyán lọ́jọ́ Àìkú, ìyá àgbà òyìnbó tó wà lódì kejì á kan ògiri gbà-gbà-gbà. Mo wá ní inú ṣẹ́ẹ̀dì ni màá ti máa gún un.

Bàbá Ìbejì ní kọnkéré ni ká dà, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìkòròdú nìyẹn. Èmi rí àwọn páálí oníke kan ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní ihò bí afárá oyin, tí wọ́n ń da òkúta wẹẹrẹ sí nínú. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi ní síláàbù (kọnkéré pẹlẹbẹ tí wọ́n ti mọ tẹ́lẹ̀) ló dára jù. Bùrọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ní òun máa fún wa ní palẹ́ẹ̀tì (pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé) lọ́fẹ̀ẹ́, mẹ́fà gbáko.

Nǹkan méjì kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́, àbàtà ni gbogbo ibí yìí tẹ́lẹ̀, àbàtà Plumstead àti ti Erith, kí wọ́n tó kọ́ ìlú lé e lórí. Ọdún 1968 ni àwọn tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ kó wọlé. Nígbà òtútù, omi máa ń dúró lórí koríko wa bí ọbẹ̀ tó ṣàn. Bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀, amọ̀ ni ẹ máa bá, lábẹ́ amọ̀ ẹ máa bá nǹkan dúdú tó dà bí ilẹ̀ ààtàn. Èkejì, kò sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé. Ohunkóhun tó bá máa dé ẹ̀yìnkùlé, inú pálọ̀ ni yóò gbà kọjá, kápẹ́ẹ̀tì mi sì funfun.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, bí mi ò bá tètè dáhùn, ẹ má bínú.

Bíríkìlà Mọ́níyà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà, mi ò mọ òtútù yín, ṣùgbọ́n mo mọ ilẹ̀. Ẹ gbọ́ ti ọkọ yín. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ ha koríko yẹn kúrò, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wọlé díẹ̀, ẹ kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti òkúta sí i, ẹ gún un dáadáa, ẹ tẹ́ náílọ̀n tó nípọn, kí ẹ wá da kọnkéré lé e. Sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, gíráńáìtì mẹ́rin. Ohun tí à ń pè ní jámánì fúlọ̀ níbí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó yọ ẹsẹ̀ bàtà kan síta yí ṣẹ́ẹ̀dì náà ká, kó dà bí pèpéle, ó máa ń dára lójú, ẹ ó sì rí ibi jókòó. Ẹ máa wọ́n omi lé e láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje. Ẹ ò ní gbúròó ikán títí ẹ ó fi darúgbó síbẹ̀.

Ní ti odó, orí kọnkéré ni odó ti ń jẹ́ odó. Ta ní ń gún iyán lórí pákó? Ẹ fẹ́ fò bí àntéètè ni?

Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Peckham

Èmi lo àwọn oníke oníhò yẹn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi parí ẹ̀, èmi nìkan. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo tẹ́ aṣọ tí kì í jẹ́ kí koríko hù, mo to wọ́n, mo da òkúta wẹẹrẹ sí i, ó tán. Ọdún kẹrin rèé, kò mira. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta àti ẹ̀rọ ìgékoríko nìkan ló wà nínú tèmi ṣá, ilẹ̀ wa sì le. Ẹ gbìyànjú ẹ̀.

Káfíńtà Woolwich

Ìyá Ìbejì, mo kí yín. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń kan ṣẹ́ẹ̀dì àti fẹ́ǹsì ní ìhà ọ̀hún yìí, mo sì mọ ilẹ̀ Thamesmead bí ẹni mọ owó. Ẹ fún mi láyè, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀.

Ohun tó pa ṣẹ́ẹ̀dì yín àkọ́kọ́ ni pé igi rẹ̀ fara kan ilẹ̀ tútù, afẹ́fẹ́ ò sì rí abẹ́ rẹ̀ gbà. Òótọ́ ni pé ó mu oògùn, ṣùgbọ́n oògùn ju oògùn lọ. Bí ẹ bá débi tí wọ́n ń ta igi, ẹ wo àmì kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó bá kọ UC3, ti òkè ilẹ̀ ni, òjò lè pa á kó sì gbẹ. UC4 ni èyí tó lè fara kan ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣẹ́ẹ̀dì tó ń bá ilẹ̀ rẹ̀ wá, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kan pákó tí kò nípọn tó ìka kékeré lé e. Fírísà onílítà 300 lórí ìyẹn? Ẹ ó tún já wọlé, lọ́tẹ̀ yìí tẹ̀yin ti fírísà.

Ẹ̀gbọ́n mi Bíríkìlà Mọ́níyà ò parọ́, ilẹ̀ Ìbàdàn ló ń sọ. Ikán ni ọ̀tá tiwọn, omi ni ọ̀tá tiwa. Ẹ má ṣe ṣe pèpéle yẹn níbí o! Nílé, páànù máa ń yọ síta dáadáa, òjò á já sí ọ̀ọ́kán. Òrùlé ṣẹ́ẹ̀dì kò yọ ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Bí kọnkéré bá yọ síta, gbogbo omi tó bá ṣàn lára ògiri á bọ́ sórí rẹ̀, á ta padà sára pákó, ìyókù á yọ́ wọ abẹ́. Bí ẹ bá máa da kọnkéré rárá, kó má ju ìdí ṣẹ́ẹ̀dì lọ, kí pákó ògiri sọ̀ kalẹ̀ kọjá etí rẹ̀ díẹ̀, kí omi lè kán sí ilẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò kọnkéré Bàbá Ìbejì. 2.4 ìgbà 1.8, ẹ ó rí 4.32. Kọnkéré sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lórí òkúta fífọ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ìyẹn ni pé ẹ máa gbẹ́ ogún sẹ̀ǹtímítà. Kọnkéré náà nìkan ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Òkúta abẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù kan. Amọ̀ tí ẹ máa gbẹ́ jáde á tó tọ́ọ̀nù kan àbọ̀, ilẹ̀ tí a gbẹ́ sì máa ń wú, bárò bí ogún ni. Ó ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ lápapọ̀, tí àwọn kan ń bọ̀, tí àwọn kan ń lọ, tí gbogbo wọn sì ń gba orí kápẹ́ẹ̀tì funfun. Mo ti ṣe é rí nínú ilé kan ní Abbey Wood. Ìyàwó ilé náà kò kí mi mọ́ títí di òní.

Bí ẹ bá ní ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé, mi ò bá máa jiyàn. Kọnkéré tí a fi wáyà A142 (irin tí wọ́n so bí nẹ́ẹ̀tì) sí láàárín, tí a tẹ́ náílọ̀n 1200 gauge sábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni, á pẹ́ jù wá lọ. Ṣùgbọ́n amọ̀ máa ń wú nígbà òjò, á súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ dúdú abẹ́ rẹ̀ sì máa ń rì díẹ̀díẹ̀. Bí kọnkéré bá ti tẹ̀ sápá kan, kò sẹ́ni tó máa gbé e dìde. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ohun tí a lè tún ṣe lórí ilẹ̀ yín.

Páálí oníke, ó dára fún kẹ̀kẹ́, bí Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ṣe wí. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá ṣe rí ni òun náà máa rí. Níbi tí fírísà bá wà, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rì.

Palẹ́ẹ̀tì bùrọ̀dá ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ máa rí HT lára rẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n fi iná gbígbóná pa kòkòrò inú rẹ̀ kí ó tó sọdá òkun. Kì í ṣe oògùn tí kì í jẹ́ kí igi jẹrà. Bó bá sùn sórí amọ̀ yín, ọdún méjì ló máa lò. Bó bá kọ MB, gáàsì olóró ni wọ́n fi ṣe é, ẹ má tiẹ̀ jẹ́ kó wọ ẹnu ọ̀nà yín.

Ohun tí èmi máa ṣe nìyí. Síláàbù mẹ́sàn-án, onígun mẹ́rin, 45 sí 45 sẹ̀ǹtímítà. Ẹyọ kan kò ju kílò mẹ́tàdínlógún lọ, ẹ̀yin fúnra yín lè gbé e kọjá nínú pálọ̀. Ẹ má gbẹ́ gbogbo ilẹ̀. Ihò mẹ́sàn-án péré, mẹ́ta mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, ẹ kó òkúta fífọ́ tí wọ́n ń pè ní Type 1 sí i sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ẹ gún un ní ìpele méjì, ẹ wá gbé síláàbù lé e. Òkúta náà kò ní tó ìdajì tọ́ọ̀nù, ó wà nínú àpò kéékèèké. Ẹ rí okùn àti spirit level (òṣùwọ̀n tó ń fi hàn bóyá nǹkan tẹ́jú), ẹ fi pákó gígùn kan tó tọ́ lé síláàbù sí síláàbù. Ibi tó ń gba sùúrù jù nìyí. Ẹni tó bá kánjú níbí, ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò ní tì.

Igi mẹ́ta UC4, 10 sí 10 sẹ̀ǹtímítà, ni kí ẹ gbé sórí wọn lóòró. Ẹ gé náílọ̀n DPC, èyí tó ń dènà ọ̀rinrin, pélébé pélébé sáàárín igi àti síláàbù. Ẹ wá to igi ìdábùú lé e, èyí tó ga 10 sẹ̀ǹtímítà. Ènìyàn gbogbo máa ń fi 40 sẹ̀ǹtímítà sáàárín wọn, ṣùgbọ́n nítorí fírísà yín, ẹ fi 30 sí i, ìyẹn igi mẹ́sàn-án. Ibikíbi tí ẹ bá fi ayùn gé, ẹ kun oògùn sí ẹnu rẹ̀, torí oògùn ilé iṣẹ́ kì í sábà dé àárín igi. Káfíńtà púpọ̀ ló ń fo èyí dá.

Lórí igi ìdábùú, plywood 18 mílímítà tó lè fara da ọ̀rinrin, tàbí OSB3 (pákó tí wọ́n fi igi wẹ́wẹ́ lẹ̀ pọ̀). Ẹ má gba OSB2, ti inú ilé gbígbẹ ni. Chipboard ńkọ́? Búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì ni. Páálí méjì tí wọ́n ń tà bó ṣe wà, 2.44 sí 1.22, á kárí. Ẹ kun etí wọn kí ẹ tó kàn wọ́n. Kí ẹ má sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àlòkù sórí rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ó máa ń fi omi pamọ́ bí kànìnkànìn.

Ó ku gíga. Síláàbù 3.5, igi 10, ìdábùú 10, pákó 1.8, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ṣẹ́ẹ̀dì yín ga 2.2. Ní England níbí, bó bá wà láàárín mítà méjì sí fẹ́ǹsì, kò gbọdọ̀ ju mítà 2.5 lọ bí ẹ ò bá fẹ́ lọ tọrọ àyè, ibi tí ilẹ̀ ti ga jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹ ó bọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́kù púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù kún un.

Àti odó: rárá o. Mo gbà pẹ̀lú Mọ́níyà. Ilẹ̀ onípákó tó dá dúró á máa dún bí ìlù, ìyá àgbà á kúrò lórí kíkan ògiri, á bọ́ sórí kíkan ilẹ̀kùn.

Ìyá Ìbejì SE28

Haa. Bùrọ̀dá Káfíńtà, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún Bàbá Ìbejì nígbà tó ń jẹun. Nígbà tí mo dé ibi bárò ogún, ó dá ọwọ́ dúró. Nígbà tí mo dé ibi "Abbey Wood", ó ní kí n tún un kà. Ó ní òun ò gbà síbẹ̀síbẹ̀, pé ilé láìsí kọnkéré, àgọ́ ni.

Mo ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé mo lè fi ọmọ odó gún òkúta inú ihò yẹn, àbí dandan ni ká yá ẹ̀rọ? Ṣé eku ò ní padà sábẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ti ga sókè? Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà wà o, mo máa ń bá wọn pàdé ní aago mẹ́fà àárọ̀ bí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, wọn kì í tiẹ̀ yà fún mi. Ẹ̀kẹta, ṣé fírísà máa ṣiṣẹ́ nínú òtútù yẹn? Ẹnìkan ní ó máa kú.

Káfíńtà Woolwich

Ẹ má fi ọmọ odó gún òkúta, iyán lẹ máa jẹ pẹ̀lú Type 1. Irin pẹlẹbẹ kan wà tó ní ọ̀pá gígùn, tí wọ́n fi ń gún ilẹ̀, ó tó fún ihò kékeré. Ẹ̀rọ dára fún kọnkéré ńlá.

Ní ti eku, bó ṣe ga sókè ló dára jù, ẹ ó rí abẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ á fẹ́, eku kì í fẹ́ ibi tí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ò ní irú ìtìjú yẹn, abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì ni ilé ìgbẹ̀bí wọn. Ẹ ra nẹ́ẹ̀tì onírin tí kò lè dípẹtà, tí ihò rẹ̀ kò ju mílímítà mẹ́fà lọ. Ẹ kàn án yí ìdí ká, ẹ rì í wọ ilẹ̀ bí 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Bó bá ń walẹ̀, orí nẹ́ẹ̀tì ló máa máa wà á. Ẹ má fi pákó dí i o, afẹ́fẹ́ ni à ń wá.

Fírísà: ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ máa rí lẹ́tà kan tàbí méjì lára páálí ìdánimọ̀ rẹ̀. SN, N, ST tàbí T. Wọ́n ṣe SN fún ibi tí ooru rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ ju 10 lọ, àwọn mẹ́ta yòókù 16 ni tiwọn. Ṣẹ́ẹ̀dì yín á lọ sílẹ̀ ju ìyẹn lọ ní oṣù Kejìlá. Fírísà àdádúró máa ń fara dà á ju èyí tó so mọ́ fíríìjì lọ, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé rẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé ó lè gbé ṣẹ́ẹ̀dì tàbí gáréèjì. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, lókè ọ̀kan nínú igi ńlá mẹ́ta yẹn, kì í ṣe láàárín. Ẹ tún fi àjákù plywood kan sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa dá ojú sí pákó.

Iná? Mi ò ní sọ púpọ̀, kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ẹ pe oníná tó níwèé, kó fa wáyà oníhámọ́ra wá. Ẹ má fa wáyà gba ojú fèrèsé kíṣìnnì. Mo mọ̀ pé ó ti wá sí yín lọ́kàn.

Bíríkìlà Mọ́níyà

Káfíńtà, mo ti gbọ́. Ti òrùlé tí kò yọ síta yẹn, mi ò rò ó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún Bàbá Ìbejì pé kó má jẹ́ kí wọ́n gba gbogbo kọnkéré lọ́wọ́ òun. Odó ò níbi dúró síbẹ̀ o.

Ìyá Ìbejì SE28

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, mo padà wá jíṣẹ́.

A lo síláàbù mẹ́sàn-án. Sátidé méjì gbáko, òjò sì lé wa wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi àwọn páálí tá a ti gé tẹ́ orí kápẹ́ẹ̀tì láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, àmì kan péré ló wà, ẹ̀yìn àga ló sì wà. Ihò méje gbẹ́ wẹ́rẹ́. Nínú ìkẹjọ a bá bíríkì àtijọ́ jọ bí ẹni tó ń sin òkú, a yọ wọ́n, a sì fi òkúta kún un. Ìkẹsàn-án, ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, omi ń sun wá. Bàbá Ìbejì ní "ṣé ẹ rí i." Mi ò dá a lóhùn. A gbẹ́ ibẹ̀ jìn sí i díẹ̀, a sì kó òkúta kún un ní ìpele mẹ́ta.

Bùrọ̀dá Káfíńtà, ọ̀rọ̀ yín ṣẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí fírísà wọlé, síláàbù kẹsàn-án yẹn rì tó sẹ̀ǹtímítà kan, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú jáàkì ọkọ̀ rẹ̀ wá, ó gbé igi náà sókè díẹ̀, a ki àwọn oníke pẹlẹbẹ sí i, ìṣẹ́jú ogún, ó tán. Bó bá jẹ́ kọnkéré ni ó tẹ̀ báyẹn, màá ti máa sunkún.

Fírísà wa, ST ló kọ sí i. Mo ta á, mo fi owó díẹ̀ kún un, mo ra èyí tí wọ́n kọ ṣẹ́ẹ̀dì sí ìwé rẹ̀.

Bàbá Ìbejì sì ti da kọnkéré rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni! 60 sí 60, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jíjìn, ní ìkángun ẹ̀yìnkùlé tó jìnnà sí ògiri ìyá àgbà. Kọnkéré inú àpò tó ti pò pọ̀ tẹ́lẹ̀ ló rà, àpò márùn-ún, kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọ̀ọ̀kan, ó pò ó nínú bárò pẹ̀lú ìgbéraga bíi pé afárá Third Mainland ló ń kọ́. Àwọn ìbejì fẹ́ tẹ ọwọ́ sí i, mo ní ó tì o, sìmẹ́ǹtì tútù ń jó awọ. Igi ni wọ́n fi kọ orúkọ wọn. Ó wọ́n omi lé e fún ọjọ́ méje bí Bíríkìlà ṣe wí, pẹ̀lú òjò Thamesmead tó ń rọ̀ lé e lórí náà.

Àná ni a kọ́kọ́ gún iyán níbẹ̀. Ìyá àgbà yọjú lórí fẹ́ǹsì, ó béèrè ohun tá à ń pa. Mo bu díẹ̀ fún un pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò. Ó dá abọ́ padà ní ófo, mi ò mọ̀ bóyá ajá rẹ̀ ló jẹ ẹ́.

Ó ku ẹyọ kan: ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì ti ga báyìí, mo ń gun òkè bí ẹni gun bọ́ọ̀sì. Ṣé igi UC4 ni mo máa fi ṣe àtẹ̀gùn náà, àbí kí n to síláàbù méjì tó ṣẹ́kù lé ara wọn?